Ọkọ̀ Ojú Irin Ìṣeré Tí Kò Gbéra: Wíwá Ìdí Àléébù gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀kọ́ Sáyẹ́ǹsì ní Agbègbè Afijió

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí olùkọ́ ṣe lè wá ìdí rẹ̀ bí ọkọ̀ ojú irin ìṣeré tí à ń fi rímóòtù darí bá kọ̀ tí kò rìn. Èrò wa ni pé ohun ìṣeré tí ó bàjẹ́ lè wúlò fún ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ju èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ, bí olùkọ́ bá mọ bí a ṣe ń to ìbéèrè tẹ̀ léra wọn, tí ó sì gbà kí àwọn ọmọ fi èdè Yorùbá ro èrò wọn síta. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Fìdítì, Ìlọrà àti agbègbè wọn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni a ní lọ́kàn.

Ìfáárà

Ojú irin tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ láti Èkó ní ọdún 1896 ni wọ́n ṣí dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Nígbà tí ó kúrò ní Ìbàdàn, ọ̀nà Òṣogbo ni ó kọrí sí, kò gba ọ̀nà Ọ̀yọ́. Nítorí náà, rélùwéè kò gba Fìdítì tàbí Ìlọrà kọjá. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ ní láti lọ bá a níbi tí ó wà. Ọ̀rọ̀ yí padà díẹ̀ ní ọdún 2021, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin tuntun tí ọ̀nà rẹ̀ gùn tó kìlómítà 157 láti Èkó sí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ibùdókọ̀ rẹ̀ ní Ìbàdàn, èyí tí a fi orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ, wà ní Mọ́níyà, ní ìhà ọ̀nà tí ó lọ sí Fìdítì, Ìlọrà àti Ọ̀yọ́ gan-an. Ọkọ̀ ojú irin ti di ohun tí ọmọ Afijió lè lọ fi ojú ara rẹ̀ rí kí ó sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà.

Bí ọkọ̀ ńlá ṣe súnmọ́ wa ni ọkọ̀ kékeré náà ṣe ń wọlé. Bí ọdún Kérésìmesì tàbí ọdún Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ọkọ̀ ojú irin ìṣeré tí a fi ike ṣe máa ń wà lórí àtẹ, ó ń tan iná, ó ń fọn fèrè. Àwọn mìíràn jẹ́ tòkunbọ̀ tí ìbátan fi ránṣẹ́ láti Ìlú Ọba tàbí Amẹ́ríkà. Olùkọ́ tí ó bá rí irú rẹ̀ kì í ṣàìronú nípa yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, nítorí pé iná mànàmáná, òòfà, agbára àti ìfarakínra wà nínú ohun kan ṣoṣo tí ọmọdé yóò fi tọkàntọkàn wò.

Ohun tí ó sì máa ń tẹ̀ lé e náà kò ṣàjèjì sí wa. Ọkọ̀ dé iwájú àwọn ọmọ, kò rìn. Olùkọ́ gbọn ọ́n, ó gbá a ní ẹ̀yìn, ó yọ bátìrì, ó dá a padà. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. A gbé ọkọ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, a kọjú sí pátákó ìkọ̀wé, a ya àwòrán. Ẹ̀kọ́ tí ọmọ kọ́ ní ọjọ́ náà ni pé ẹ̀rọ jẹ́ ohun àwámárìídìí tí ó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ó bá wù ú, àti pé bí ó bá kọ̀, kò sí ohun tí ọmọ ènìyàn lè ṣe sí i. Ẹ̀kọ́ búburú ni èyí. Ó burú ju kí a má tilẹ̀ mú ọkọ̀ náà wá rárá lọ.

Ọ̀nà tí agbára ń gbà

A kò lè wá ibi tí ọ̀nà ti já bí a kò bá mọ ọ̀nà náà. Nínú ọkọ̀ ìṣeré tí ó wọ́pọ̀ jù lọ, bátìrì ni orísun agbára. Iná ti ara bátìrì bọ́ sórí irin pẹlẹbẹ tàbí sípíríǹgì tí ó fara kàn án, ó gba inú wáyà lọ sí súìṣì, ó sì dé pátákó kékeré kan tí àwọn èròjà ẹlẹ́tíróníìkì wà lórí rẹ̀. Pátákó yìí ni etí ọkọ̀. Òun ni ó ń gbọ́ àṣẹ tí rímóòtù fi ránṣẹ́, òun náà ni ó ń ṣí ọ̀nà kí iná tó lè lọ sínú ẹ̀rọ tí ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀.

Ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa orúkọ ẹ̀rọ yìí. Orúkọ tí àwọn òyìnbó ń pè é ni a ti yá, ṣùgbọ́n a ti sọ ọ́ di ọkọ̀: mọ́tò ni à ń wọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́. Ọmọ tí a bá sọ fún pé mọ́tò kan wà nínú mọ́tò yóò kàn máa wò wá ni. Nínú iṣẹ́ yìí, a yàn láti máa pè é ní ẹ̀rọ ayíbírí, nítorí pé iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ó ń ṣe nìyẹn.

Inú ẹ̀rọ ayíbírí kò ṣòro láti lóye. Òòfà méjì dúró gbọn-in lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri rẹ̀. Láàárín wọn ni irin kan wà tí a wé wáyà bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́. Bí iná bá gba inú wáyà yìí, irin náà a di òòfà fúngbà díẹ̀, àwọn òòfà ẹ̀gbẹ́ a fà á, wọn a sì tì í, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ohun méjì kékeré tí a ń pè ní búrọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n jẹ́ bàbà tàbí èédú, ni wọ́n ń fara kan apá tí ó ń yí kí iná lè máa wọlé láìdáwọ́dúró. Yíyí rẹ̀ yá púpọ̀ ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kéré. Ìdí nìyí tí jíà eléyín fi wà láàárín òun àti ẹsẹ̀ ọkọ̀, kí eré rẹ̀ lè dín kí agbára rẹ̀ sì pọ̀ sí i. Ẹni tí ó bá ti gun kẹ̀kẹ́ onígíà lọ sórí òkè mọ pàṣípààrọ̀ yìí.

Ọkọ̀ ńlá tí ó wà ní Mọ́níyà kò yàtọ̀ ní ti èyí. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń lo dísẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì náà kọ́ ni ó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ní tààrà: iná ni ó ń pèsè, iná yìí ni ó sì ń yí àwọn ẹ̀rọ ayíbírí ńláńlá tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀. Èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, láti Marina dé Mile 2, kò tilẹ̀ gbé ẹ́ńjìnnì kankan dání. Irin kẹta tí a tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ni ó ti ń gba iná. A ó rí i níwájú pé àwọn ọkọ̀ ìṣeré kan ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè kí a tó fọwọ́ kan súkúrúdiráfà

Oníṣègùn gidi kì í já ewé kí ó tó béèrè ìgbà tí àìsàn bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ lórí ọkọ̀ tí kò rìn ni pé: ìgbà wo ni ó rìn kẹ́yìn, kí ni ó sì ṣẹlẹ̀ láti ìgbà náà? Ọkọ̀ tí ó já bọ́ láti orí tábìlì àti ọkọ̀ tí wọ́n fi bátìrì sílẹ̀ nínú rẹ̀ láti Kérésìmesì èṣí kì í sábà ní àléébù kan náà. Èyí tí kò rìn rí láti ọjọ́ tí a ti rà á tún yàtọ̀ sí méjèèjì. Nínú irú èyí, ó tọ́ kí a kọ́kọ́ wo inú ilé bátìrì dáadáa: àwọn tí wọ́n ṣe é máa ń fi ọ̀rá kékeré kan há àárín bátìrì àti irin kí bátìrì má bàa tán lórí àtẹ. Ẹni tí kò fa ọ̀rá yìí jáde lè tú gbogbo ọkọ̀ palẹ̀ lásán.

Lẹ́yìn èyí, kí a ṣí súìṣì, kí a sì wo ọkọ̀, kí a tẹ́tí sí i. Ǹjẹ́ iná iwájú rẹ̀ tàn? Ǹjẹ́ ó fọn fèrè? Bí a bá tẹ rímóòtù, ǹjẹ́ ó kùn bí oyin? Bí a bá gbé e sókè kúrò nílẹ̀, ǹjẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ yí? Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ń gé ibi tí a ó ti wá àléébù kù. Bí ẹsẹ̀ bá ń yí lókè ṣùgbọ́n tí kò yí nílẹ̀, a jẹ́ pé ọ̀nà kò já níbì kankan. Agbára ni kò tó, tàbí kí ẹrù ti pọ̀ jù, tàbí kí rọ́bà ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bọ́ tí ó fi ń yọ̀. Bí ó bá ń kùn tí ẹsẹ̀ kò sì yí níbikíbi, iná dé inú ẹ̀rọ ayíbírí, ṣùgbọ́n ohun kan dì í mú. Bí kò bá kùn tí iná iwájú sì ń tàn, àárín pátákó àti ẹ̀rọ ayíbírí ni kí a lọ wò, tàbí rímóòtù. Bí ohun gbogbo bá dákẹ́ jẹ́ẹ́, orísun ni kí a padà sí.

Bí omi páìpù kò bá dé ẹ̀yìnkùlé, ọlọ́gbọ́n kì í hú gbogbo páìpù láti ojú títì wá. Ó máa ń ṣí ẹnu páìpù tí ó wà láàárín wò. Bí omi bá wà níbẹ̀, ó ti mọ̀ pé apá iwájú dára. Bí kò bá sí, ó ti mọ̀ pé apá ẹ̀yìn kọ́ ni. Ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo ti gba ìdajì iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Iná iwájú ọkọ̀ ni ẹnu páìpù tiwa.

Òfin kan ṣì wà tí a kò gbọdọ̀ rú: ohun kan ṣoṣo ni kí a yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó pààrọ̀ bátìrì, tí ó nu irin, tí ó sì da òróró sí jíà papọ̀, tí ọkọ̀ wá rìn, ti gba ọkọ̀ rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí ó ṣe é. Bí ó bá tún kọ̀ lọ́la, ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ lánàá ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Fún oníṣòwò èyí lè má ṣe nǹkan; fún olùkọ́, ó ti sọ ẹ̀kọ́ nù.

Ọ̀rọ̀ bátìrì

A ó dúró díẹ̀ lórí bátìrì, nítorí pé òun ni olórí ẹjọ́ nígbà púpọ̀, òun náà sì ni ó ń tan àwọn ènìyàn jẹ jù. Ohun tí a máa ń gbọ́ ni pé, ‘Bátìrì kọ́, iná rẹ̀ ṣáà ń tàn.’ Ọ̀rọ̀ yìí kò tọ̀nà. Iná kékeré ìgbàlódé tí ó wà níwájú ọkọ̀ ìṣeré kò nílò ju nǹkan bí mílí-áńpíà 20 lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ayíbírí tí ó fẹ́ gbéra láti ojú kan lè fa ìlọ́po rẹ̀ lọ́nà mẹ́wàá sókè. Bátìrì tí ó ti rẹ̀ lè tan iná, kí ó sì kùnà láti gbé ọkọ̀. Àgbàlagbà tí ó lè jókòó bá wa sọ̀rọ̀ ni, kò túmọ̀ sí pé ó lè ru àpò gààrí. Nítorí náà, ìyàtọ̀ tí èdè wa ṣe láàárín bátìrì tí ó ti kú àti èyí tí ó ti rẹ̀ ṣe pàtàkì, kí olùkọ́ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ọ̀kan pe èkejì.

Ọ̀nà tí ó dára láti mọ̀ ni kí a wo iná iwájú ní àkókò tí a tẹ rímóòtù. Bí ó bá ṣókùnkùn lójijì, bátìrì ti rẹ̀, tàbí kí ẹ̀rọ ayíbírí há. Ẹni tí ó ní mítà lè wọn bátìrì, ṣùgbọ́n kí ó wọ̀n ọ́n nígbà tí iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀, nítorí pé bátìrì tí ó ti rẹ̀ lè fi nǹkan bí fóltì 1.5 hàn nígbà tí ó bá sinmi, kí ó sì wó lulẹ̀ ní kété tí a bá ní kí ó ṣiṣẹ́.

Kíki bátìrì sódì tún wà. Bátìrì mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóltì 1.5 ń fún wa ní fóltì 6. Bí a bá ki ọ̀kan sódì, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yóò dáhùn pé ó ku 4.5. Bẹ́ẹ̀ kọ́, fóltì 3 ni ó kù, nítorí pé èyí tí a kì sódì kò kàn jókòó lásán, ó ń fa sẹ́yìn lòdì sí ọ̀kan nínú àwọn tí ó kù. Ìṣirò yìí dára fún kíláàsì karùn-ún. Bákan náà, bátìrì tí à ń fi iná sí lẹ́yìn tí ó bá tán kì í sábà jẹ́ 1.5, fóltì 1.2 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, mẹ́rin wọn sì jẹ́ 4.8. Àwọn ọkọ̀ kan gbà á, àwọn mìíràn kò gbà. Kí a má ṣe da bátìrì titun pọ̀ mọ́ ògbólógbòó, nítorí pé ògbólógbòó ni yóò fa titun sẹ́yìn.

Bí bátìrì bá pẹ́ jù nínú ọkọ̀, omi inú rẹ̀ a jò, a sì di nǹkan funfun tàbí aláwọ̀ ewé lára irin. Nǹkan yìí kì í jẹ́ kí iná kọjá. Bátìrì tí ó jẹ́ oríṣi alkaline ni omi rẹ̀ máa ń jóni lára bí ẹ̀ẹ́rú tí a fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, nítorí náà kí a fi ọ̀rá bọ ọwọ́, kí a má sì ṣe fi ọwọ́ nu ojú. Omi kíkan ni ó ń pa agbára rẹ̀. Ní ìlú tí a mọ̀ mọ́ ọsàn bíi Fìdítì, kò yẹ kí èyí dà wá láàmú: kí a fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sórí òwú, kí a fi pa irin náà, yóò hó díẹ̀, kí a wá fi aṣọ tí a rẹ sínú omi nù ún, kí a jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa, kí a sì fi sáńpépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ha á títí yóò fi dán. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo, àwọn ọmọ ti kọ́ nípa iná, wọ́n ti kọ́ nípa bí omi kíkan àti òdìkejì rẹ̀ ṣe ń pa ara wọn, wọ́n sì ti rí i pé ọsàn wẹ́wẹ́ ìyá wọn wà nínú sáyẹ́ǹsì.

Ìkìlọ̀ méjì kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn. Bátìrì lithium tí ó bá ti wú kò ṣeé fi iná sí mọ́, ó lè gbiná. Bátìrì bíńtín tí ó rí bíi bọ́tìnnì, tí àwọn rímóòtù kan ń lò, lè jó ọ̀nà ọ̀fun ọmọ kékeré láàárín wákàtí díẹ̀ bí ó bá gbé e mì. Kí olùkọ́ ka iye rẹ̀ kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì tún un kà kí àwọn ọmọ tó jáde.

Rímóòtù

Oríṣi rímóòtù méjì ni ó wà, àléébù wọn kò sì dọ́gba. Ọ̀kan ń lo ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn kò lè rí, irú èyí tí rímóòtù tẹlifíṣọ̀n ń lò. Èkejì ń lo ìgbì rédíò. Bí gílóòbù róbótó kan bá wà ní orí rímóòtù, onímọ̀ọ́lẹ̀ ni. Kí a kọjú rẹ̀ sí kámẹ́rà fóònù, kí a sì tẹ bọ́tìnnì. Kámẹ́rà ọ̀pọ̀ fóònù, pàápàá ti iwájú, yóò rí ìmọ́lẹ̀ náà bí ó ṣe ń ṣẹ́jú. Bí a kò bá rí nǹkan kan, kí a fi fóònù kan náà dán rímóòtù tẹlifíṣọ̀n tí ó dára wò kí a tó dá rímóòtù ọkọ̀ lẹ́bi, nítorí ó lè jẹ́ pé kámẹ́rà ni kò lè rí i.

Ìmọ́lẹ̀ yìí kò lè la ara ènìyàn kọjá, oòrùn sì máa ń bò ó mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ tí ó rìn dáadáa nínú yàrá olùkọ́ lè kọ̀ jálẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní ọ̀sán gangan, kò sì sí ohun tí ó ṣe é. Kí a gbé e wọ abẹ́ òjìji kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

Ní ti ìgbì rédíò, àwọn tí wọ́n ti pẹ́ máa ń wà lórí megahertz 27, 40 tàbí 49, àwọn ti ìsinsìnyí sì wà lórí gigahertz 2.4. Rímóòtù orí 27 kò lè bá ọkọ̀ orí 49 sọ̀rọ̀, bí wọ́n tilẹ̀ jọra bí ìbejì. Èyí wọ́pọ̀ láàárín àwọn tòkunbọ̀ tí a kó jọ sínú àpótí kan. A máa ń kọ iye yìí sí abẹ́ ọkọ̀ tàbí ẹ̀yìn rímóòtù. Àwọn ti 2.4 ní láti kọ́kọ́ mọ ara wọn: a ó ṣí súìṣì méjèèjì bí ìwé rẹ̀ ṣe wí, a ó sì dúró títí iná yóò fi ṣíwọ́ ṣíṣẹ́jú.

Bí àléébù bá wà nínú ẹ̀rọ ayíbírí tàbí jíà

Bí orísun àti rímóòtù bá dára, ìgbà yìí ni ó tó kan súkúrúdiráfà. Kí a yọ bátìrì ná. Bí a bá tú ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ohun àkọ́kọ́ tí a ó rí nígbà púpọ̀ ni irun, fọ́nrán kápẹ́ẹ̀tì àti òwú tí ó wé mọ́ ọ̀pá ẹsẹ̀. A ó fi abẹ́rẹ́ fà á jáde. Kí a wá yí ẹsẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́, kí a sì wo eyín jíà. Jíà oníke tí ó wà lórí ọ̀pá máa ń là bí ó bá pẹ́. Ẹ̀rọ ayíbírí yóò máa yí, ọ̀pá rẹ̀ yóò máa yí, ṣùgbọ́n jíà yóò dúró. Àmì rẹ̀ ni pé ariwo ń lọ, ọkọ̀ kò lọ.

Láti mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ayíbírí fúnra rẹ̀ wà láàyè, kí a fi wáyà méjì so ó mọ́ bátìrì méjì ní tààrà, láìgba inú pátákó kọjá. Bí ó bá yí, kò lẹ́bi. Pátákó tàbí wáyà tí ó já ni ó jẹ̀bi. Bí kò bá yí, kí a rọra fi ọwọ́ yí orí ọ̀pá rẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá wá gbéra, búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti dọ̀tí tàbí ó ti jẹ tán. Wáyà tí ó já ni àwọn tí ń tún rédíò ṣe ní Ìlọrà tàbí Fìdítì yóò fi òjé jó pọ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Òróró ńkọ́? Ẹ̀kán kan ní ibi tí ọ̀pá ti ń yí ti tó. A kò fara mọ́ àṣà dída òróró sí ohun gbogbo tí ó bá kọ̀. Òróró tí ó bá dé ara búrọ́ọ̀ṣì a máa kó ìdọ̀tí jọ síbẹ̀, a sì dí ọ̀nà iná.

Àwọn tí ń gba iná lára irin

Ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí ó níye lórí, bí irú èyí tí Hornby ti Ìlú Ọba ń ṣe, kì í sábà gbé bátìrì. Fóltì 12 ni ó ń gbà láti ara irin méjì tí fífẹ̀ àárín wọn jẹ́ mìlímítà 16.5. Ìdọ̀tí ni ọ̀tá rẹ̀. Ní àkókò ọyẹ́, eruku tí ó bà sórí irin ní alẹ́ kan lè dá a dúró. Aṣọ tí a fi sípírítì rẹ díẹ̀ ni a fi ń nu irin àti ẹsẹ̀. Bí ẹ̀rọ ìdarí bá ń pa ara rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, kí a wá ìṣó tàbí píìnì tí ó dábùú irin méjèèjì.

Kí a ṣọ́ra fún tiransifọ́mà tí ó bá a wá. Èyí tí wọ́n ṣe fún fóltì 120 ti Amẹ́ríkà yóò jóná bí a bá kì í bọ iná tiwa tí ó jẹ́ nǹkan bí 230. Àwọn oríṣi kan, bíi Lionel ti Amẹ́ríkà àti Märklin ti Jámánì, ni a ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ fún iná tí ń lọ tí ń bọ̀. Bí a bá gbé ọkọ̀ tí a ṣe fún iná bátìrì sórí irú rẹ̀, yóò kàn máa gbọ̀n ni, yóò sì gbóná. Ní ti àwọn tí ń gba àṣẹ oní-nọ́ńbà láti ara irin, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí a fi ń pè é. Nọ́ńbà 3 ni ó máa ń ti ilé-iṣẹ́ wá. Ẹni tí ó ń pe 5 nígbà tí ọkọ̀ ń jẹ́ 3 yóò pè títí. Iná ìta kò gbọdọ̀ kan ọwọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rárá. Ọkọ̀ oníbátìrì ni kí a fi kọ́ wọn.

Nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́

Ìmọ̀ràn wa fún akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí ń lọ fún ìdánrawò ìkọ́ni ni pé kí ó fúnra rẹ̀ dá ọgbẹ́ sí ọkọ̀ tí ó ń rìn. Kí ó fi pépà bíńtín há ẹnu bátìrì kan, tàbí kí ó wé òwú mọ́ ọ̀pá ẹsẹ̀, tàbí kí ó ki bátìrì rímóòtù sódì. Kí ó pín àwọn ọmọ sí ọ̀wọ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin mẹ́rin. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ọkọ̀ títí ọ̀wọ́ rẹ̀ yóò fi sọ ohun tí wọ́n rí, ohun tí wọ́n rò pé ó fà á, àti ohun tí wọ́n retí pé yóò ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá dán an wò. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n dán an wò, kí wọ́n sì kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sínú ìwé, yálà ó bá ìrètí wọn mu tàbí kò bá a mu.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ èdè ti wọlé. Gbogbo ìṣẹ́ ìwádìí tí a ti ń ṣàlàyé bọ̀ dúró lórí gbólóhùn kan tí ọmọ Yorùbá ti mọ̀ kí ó tó wọ ilé-ẹ̀kọ́: ‘Bí ó bá jẹ́ báyìí, a jẹ́ pé…’ Ọmọ ọdún mẹ́jọ ní Fìdítì lè sọ pé, ‘Bí iná bá ń tàn, a jẹ́ pé bátìrì kò tíì kú tán, ó lè jẹ́ pé ó ti rẹ̀ ni.’ Bí a bá ní kí ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́, yóò dákẹ́, olùkọ́ yóò sì rò pé kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí ó ṣòro fún ọmọ náà ni gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì. Èrò rẹ̀ ti pé.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe titun. Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa darí láti Yunifásítì Ifẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970 ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen’s ‘A’ ní Mọdákẹ́kẹ́, fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò láti kíláàsì kìn-ín-ní dé ìkẹfà, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn. Ìlànà ìjọba lórí ọ̀rọ̀ náà ti lọ, ó ti bọ̀: ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀; ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí a padà sí. Olùkọ́ tí ó wà lábẹ́ òfin yìí yóò kọ àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, a kò rí ìdí tí àwọn ọmọ mẹ́rin tí wọ́n rọ̀gbà yí ọkọ̀ kan ká kò fi ní fi Yorùbá bá ara wọn jiyàn kí wọ́n tó jábọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Níbi àríyànjiyàn yẹn ni sáyẹ́ǹsì wà.

Nígbà mìíràn, ọkọ̀ yóò kọ̀ pátápátá: pátákó rẹ̀ ti jóná, kò sì sí irú rẹ̀ lọ́jà. Kí a má sọ ọ́ nù. Ẹ̀rọ ayíbírí inú rẹ̀ àti ilé bátìrì rẹ̀ ṣì dára. Àwọn ọmọ tiwa ti ń fi agolo sàdíìnì àti sìlípáàsì gígé ṣe ọkọ̀ tipẹ́tipẹ́, tí wọ́n ń fi okùn fà á kiri àdúgbò. Bí a bá de ẹ̀rọ ayíbírí náà mọ́ ìdí irú agolo bẹ́ẹ̀, tí a fi rọ́bà owó so ó mọ́ ọ̀pá ẹsẹ̀, tí a sì fi bátìrì méjì sí i, agolo náà yóò rìn láìsí okùn. Bí kò bá sì rìn, àwọn ọmọ ti mọ ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè.